Orúkọ Tó Wà Láyà Ẹ̀rọ

Fèrè oòrùn ti dún lẹ́ẹ̀kíní nígbà tí Ọlọ́wọ́mẹ́rin yí wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Bàbá Ọ̀jẹ́níyì fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì dára, fa aṣọ ìbora dé ọrùn.

"Ìbíwùnmí, bá mi wò ó. Orúkọ ta ló wà láyà rẹ̀ lónìí?"

Ìbíwùnmí gbé abọ́ ògì tó fi ń bọ́ ọ sílẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà ga tó géńdé. Táyà kéékèèké mẹ́fà ló fi ń rìn, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Pátákó iná kékeré kan wà láàárín àyà rẹ̀, níbi tí orúkọ nọ́ọ̀sì tó dúró fún un máa ń tàn sí. Fún ọdún méjìlá, ohun tí gbogbo ènìyàn ń kà níbẹ̀ láràárọ̀ ni MOJÍRÒLÁ ADÉṢÌNÀ. Lónìí, ìlà funfun kan lásán ló ń tàn.

"Kò sí orúkọ kankan, Bàbá."

"Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí nìyẹn."

"Kò ní fọwọ́ kàn yín. Òfin ò gbà á láyè láìsí orúkọ. Ó kàn wá béèrè àlàáfíà yín ni."

Ẹ̀rọ náà dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ọ̀jẹ́níyì," ó sọ ọ́ ní ohùn ọmọge tó gbẹ̀kọ́ nílé. "Láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, ìrora yín tó mélòó?"

Bàbá yí ojú sí ògiri. Wọ́n ti fi aṣọ funfun di apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà, èjìká ibẹ̀ sì wú bí àgbọn. Ọlọ́wọ́mẹ́rin dúró díẹ̀, ó kọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ó yí padà lọ sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

"Mo sọ fún un," Bàbá wí. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ti gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, èyí tó ṣẹ́ kù kò ju mímí lọ. "Ó gbé mi láti wẹ̀ mí, mo ní, 'Rọra, èjìká yẹn ti bàjẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń wa tírélà.' Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kì í ṣe Yorùbá ni mo sọ ni?"

"Yorùbá lẹ sọ, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí kò gbọ́?"

Fèrè kejì dún kí ó tó dá a lóhùn. Irin ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, lójú fèrèsé gbogbo. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí ó tẹ́ sílẹ̀ lórí wọ́ọ̀dù tín-ín-rín sí i, títí ó fi dà bí okùn, ó sì já. Ilẹ̀kùn ìta ti ara rẹ̀ pa. Aago mọ́kànlá ti lù. Kò sí ẹni tí yóò yọ orí síta sínú oòrùn apani yẹn ní gbogbo Ìsẹ́yìn títí di aago mẹ́rin, àfi ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun wá síbí lórí àtẹ.

Ẹ̀rọ ìpè kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ Ìbíwùnmí gbọ̀n. Ó wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, alábòójútó ilé ìwòsàn, ń dúró dè é ní ọ́fíìsì.

"Mo ń bọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ògì yẹn tutù díẹ̀."

"Wọn ò ní jẹ́ kí o padà," Bàbá wí, kò sì wò ó.

Ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì gùn. Ọgọ́fà bẹ́ẹ̀dì ló wà ní Ilé Ìwòsàn Òkè-Ìtura, ènìyàn mẹ́rin péré ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbíwùnmí lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí ó má gbọ́ nǹkan kan ju ìró bàtà ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó máa ń kọrin lẹ́nu wẹ́rẹ́ bó ti ń lọ. Ó ti jáwọ́ níbẹ̀. Ó gba iwájú yàrá orúkọ kọjá. Gíláàsì ni ògiri rẹ̀ yí ká. Àga kan ló wà níbẹ̀, àwọn ojú ẹ̀rọ tó ń fi gbogbo wọ́ọ̀dù hàn yí i po, súwẹ́tà àwọ̀ búlúù Sísítà Mojíròlá sì ṣì wà lẹ́yìn àga náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti ń tàn láyà ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣe dáadáa, ẹ̀rọ ló ṣe é. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, olórúkọ ló ṣe é.

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan bu omi tútù fún un. Ọkùnrin onísùúrù ni, ohùn rẹ̀ kì í ga.

"Jókòó, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé èsì ìdánwò àṣekágbá rẹ dára gan-an. Mo kí ọ kú oríire."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó ti ojú gíláàsì pẹlẹbẹ méjì síwájú rẹ̀. "Nǹkan méjì péré. Àkọ́kọ́, ẹ̀rí rẹ lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀jẹ́níyì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ṣé Sísítà Mojíròlá wà nínú yàrá orúkọ?"

"Rárá, sà."

"Ó tán. Tẹ àtàǹpàkò rẹ síbẹ̀." Ó tọ́ka sí ìkejì. "Èyí ni fọ́ọ̀mù ọ̀nà iṣẹ́ rẹ. O mọ̀ pé a ò ní olórúkọ mọ́. Máàkì rẹ ló ga jù nínú gbogbo àwọn tó jáde lọ́dún yìí. Bí o bá mú ọ̀nà kìíní, orúkọ rẹ yóò tàn láyà ẹ̀rọ yẹn kí oṣù yìí tó parí. Ilé wà níbẹ̀, ní àdúgbò tó ní amúlétutù. Bí o ò bá fẹ́ ìyẹn, ọ̀nà kejì náà ṣí sílẹ̀ fún ọ."

Ọ̀nà kejì. Ìbíwùnmí kò tiẹ̀ ní láti kà á. Nọ́ọ̀sì ọwọ́ òkèèrè: ènìyàn á jókòó sí Ìbàdàn, á fi ìbọ̀wọ́ kan sọ́wọ́, ẹ̀rọ kan ní ìlú òyìnbó á sì máa ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe, yóò máa wẹ àwọn arúgbó ibẹ̀, yóò máa ya irun wọn. Ọ̀nà kẹta wà nísàlẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́: nọ́ọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀, fún àwọn abúlé tí iná kò dé. Nínú kíláàsì wọn, kò sẹ́ni tó mú un.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ ò bi mí ní ìdí tó fi jáde."

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò bi ọ́, ọmọ mi. Mọ̀ọ́mọ̀ ni."

"Èmi ni mo pè é, sà."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rọ ìpè ń kọ nǹkan sílẹ̀." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Gbọ́ mi. Bí o bá kọ ìyẹn sínú ẹ̀rí yìí, àmì kan á wà lára orúkọ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹni tó ní àmì ò lè di olórúkọ. Àwọn ará òkèèrè náà kì í gba ẹni tó ní àmì. Ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló kù. Sísítà Mojíròlá á sì lọ bó ti wù kó rí, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ rẹ kò lè dá a padà. Kí lo wá fẹ́ rí gbà níbẹ̀?"

Ìbíwùnmí kò mọ ohun tó fẹ́ rí gbà. "Ẹ fún mi di aago mẹ́rin, sà."

"Di ìgbà tí fèrè ìtura bá dún," ó wí níkẹyìn.

Ìyá Àkànmú ni orúkọ obìnrin tí Ìbíwùnmí tìtorí rẹ̀ pe Sísítà. Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ló wà, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, Ìbíwùnmí sì ń nu ojú rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí mímí rẹ̀ yí padà. Ọdún mẹ́ta ni Ìbíwùnmí fi kọ́ iṣẹ́ yìí, kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni gbé kú rí. Ẹ̀rọ ló máa ń wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a kàn bá bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́ lákọ̀tun. Ìyá Àkànmú gbá a lọ́wọ́ mú. "Má fi mí sílẹ̀ fún nǹkan yẹn," ó wí.

Ìbíwùnmí tẹ ìpè sí yàrá orúkọ. "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe."

"O mọ̀ pé mi ò lè kúrò níbí," Sísítà dáhùn.

Ìbíwùnmí kò pa ìpè náà. Ó kàn bú sẹ́kún sórí ìpè náà bí ọmọ kékeré, kò sì rí ara rẹ̀ dá dúró. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ìró bàtà. Sísítà Mojíròlá wọlé, ó fa àga, ó di ọwọ́ Ìyá Àkànmú kejì mú, ó bi í ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ń dárúkọ wọn. Orí ìkẹrin ló dákẹ́ sí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ariwo aláìsàn mìíràn láti wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, tó ń ké pé kí ẹnì kan wá o, ẹ̀rọ ti fa apá Bàbá Ọ̀jẹ́níyì yọ.

Inú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni Ìbíwùnmí ti bá Sísítà Mojíròlá nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan. Kóńbódù rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ó ti kó ẹrù sínú àpò kan, ó wá jókòó tì í bí èrò tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Oòrùn ló dá a dúró.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?"

"N ò tíì tẹ̀ ẹ́, Mà."

"Kí lò ń dúró dè? Lọ tẹ̀ ẹ́." Ó ń ká ìbọ̀sẹ̀ kan, ó tún ń tú u. "Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n bi ọ́. Dá wọn lóhùn, kí o máa lọ."

"Èmi ni mo pè yín, Mà."

"Èmi ni mo dìde. Ìwọ kọ́ lo ní ẹsẹ̀ mi." Ó ju ìbọ̀sẹ̀ náà sínú àpò. "Ọdún méjìlá, Ìbíwùnmí. Mo ń rí ènìyàn nínú gíláàsì, wọn ò rí mi. Aláìsàn mìíì á lo ọdún kan níbí, á kú, mi ò sì mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó dùn mí kì í ṣe pé mo dìde. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ràn, mo sì ti sọ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé. Mo ní bí ohùn ènìyàn bá ti lọ sílẹ̀, èémí lásán ló ń pè é. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé mi."

"Wọn ò wò ó?"

"Ta ló fẹ́ wò ó? Bí ọ̀ràn bá ní orúkọ kan, orúkọ yẹn ló jẹ̀bi, wọ́n ti parí rẹ̀ nìyẹn. Àfi bó bá jẹ́ orúkọ méjì ló wọ inú rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ wò nígbà náà, kí wọ́n mọ ẹ̀bi ta ni. Ẹyọ ènìyàn kan sì ni mí..."

Ó gbé ojú sókè, Ìbíwùnmí sì rí i pé ó kábàámọ̀ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Gbàgbé rẹ̀," Sísítà wí. "Ṣé o gbọ́ mi? Má dán an wò."

Ìbíwùnmí lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lọ sí orí òrùlé. Ẹnikẹ́ni kì í gba ibẹ̀. Irin ilẹ̀kùn òkè ń mú ooru wá bí ìdí ààrò. Ó tẹ ohùn tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, èyí tó ti gbọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ sí Kánádà láti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni wọ́n dá, lẹ́yìn náà wọ́n ti ẹnu ibodè, lẹ́yìn náà ìbàdí ìyá náà kán. Ilé àwọn arúgbó ló wà báyìí, ẹni ọgọ́ta ọdún péré.

"Ìbíwùnmí, ọmọ mi," ohùn náà wí, "mo ń ronú lórí fọ́ọ̀mù rẹ yẹn. Mú ọwọ́ òkèèrè. Ẹni tó ń wẹ̀ mí báyìí, mi ò mọ ibi tó jókòó sí. Bóyá Íńdíà ni, bóyá Sàmíbíà. Jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn yan aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó lè bọ́ sí i lọ́jọ́ kan. Ìwọ lè má mọ̀ pé èmi ni. Èmi á mọ̀. Mo mọ bí o ṣe máa ń di nǹkan mú láti kékeré."

Ó pa ohùn náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n. Kò rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń di òun mú. Ó ti wá a nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ohun tó rántí kò ju ẹ̀yìn orí obìnrin kan lọ, nínú mọ́tò tó ń lọ, tí kò bojú wẹ̀yìn nítorí pé ó ń sunkún.

Ó jókòó síbẹ̀ títí òógùn fi gba ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ronú nípa Bàbá Ọ̀jẹ́níyì, tí wọn yóò tún gbé fún ẹ̀rọ náà ní kété tí orúkọ tuntun bá tàn. Orúkọ ta ni? Ó gbìyànjú láti rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì, pẹ̀lú súwẹ́tà tirẹ̀, tó ń wo ẹnu Bàbá tó ń ṣí tó ń pa dé, tí kò sì sí ohùn. Ó tún gbìyànjú láti rí ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ òkèèrè, tó ń fi ọṣẹ pa ẹ̀yìn obìnrin kan tí kò mọ̀. Èyí ò kúrò lójú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó sọ̀kalẹ̀. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan ka ohun tó kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà mẹ́rin ni: pé Sísítà Mojíròlá kò sí ní yàrá, pé òun, Ìbíwùnmí Ayándélé, ló pè é, tó sì ń pè é lẹ́yìn tó ti kọ̀, pé aláìsàn kan ń kú lọ́wọ́, pé òun gbọ́ lẹ́nu Bàbá Ọ̀jẹ́níyì pé ó sọ fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì pé kó rọra.

"Ta ló sọ òfin orúkọ méjì fún ọ?"

"Mo kà á níléèwé, sà." Irọ́ ni, ọjọ́ náà sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí irọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìní ìnira.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí ó rẹ̀. "O ti ṣe ara rẹ," ó wí, ó sì ti gíláàsì náà síwájú rẹ̀ kó tẹ àtàǹpàkò sí i.

Sísítà Mojíròlá wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí fèrè ìtura dún, tí irin ojú fèrèsé sì ń gòkè. Ìròyìn ti dé etí rẹ̀. Ìbíwùnmí rò pé yóò gbá òun mọ́ra. Ó gbé àpò rẹ̀ sí èjìká.

"Ẹnì kan ló yẹ kó ṣòfò," ó wí. "O sọ ọ́ di méjì. Mo jókòó sínú gíláàsì yẹn fún ọdún méjìlá kí irú yín lè rí ọ̀nà tó dáa, ìwọ wá lọ fi tìrẹ jóná." Ó yíjú sí ọ̀nà. "Má pè mí. Bó bá yá, èmi á pè ọ́."

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta gbígbóná títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Kò pe Ìbíwùnmí rárá lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá gbé Ọlọ́wọ́mẹ́rin lọ tú wò. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó padà dé, pẹ̀lú etí tuntun, àti orúkọ ọmọkùnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ láyà rẹ̀. Ìbíwùnmí lọ dágbére fún Bàbá Ọ̀jẹ́níyì.

"Wọ́n ní ó ti ń gbọ́ mi báyìí," Bàbá wí.

"Ẹ ti dán an wò?"

"Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀." Ó fi ọwọ́ òsì gbọ́n etí aṣọ ìbora. "Mo ń bínú sí i."

Sísọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ló ṣòro jù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo nǹkan kan. Nígbà tó parí, ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan tó ń yí nínú yàrá tó jìnnà réré sí i, àti omi tó ń dà sínú bàsíà.

"Ó dáa," ìyá rẹ̀ wí. Lẹ́yìn náà, "Wọ́n ti fẹ́ wẹ̀ mí. Jẹ́ kí n máa lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ìjọba já a sílẹ̀ ní Abúlé Agbélé, lẹ́bàá odò Òfìkì, pẹ̀lú àpò oògùn kan àti àkójọ orúkọ àwọn arúgbó mẹ́tàdínlógún. Kò sí fèrè níbẹ̀. Òjìji igi ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n wọlé. Orúkọ àkọ́kọ́ lórí àkójọ náà ni Ìyá Ayọ̀káńmi. Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ náà pé ó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn elétò ìlera láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ìbíwùnmí kan ilẹ̀kùn. "Àgò onílé. Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Ta nìyẹn?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Mà."

"Ẹ̀rọ mélòó lo kó wá?"

"Kò sí ẹ̀rọ, Mà. Èmi nìkan ni."

"Máa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó wá gbé ọkọ mi ṣe wí."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, ilé tó ti wá àti ohun tó wá ṣe. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró, ó wo ọ̀nà. Gbogbo ilé abúlé náà ló ti pa ilẹ̀kùn dé. Kò sí ẹnì kan lóde, kò sí adìyẹ, kò sí ewúrẹ́. Ó lè lọ sí ilé kejì. Ó lè padà sí yàrá tí wọ́n fún un kí oòrùn tó kan orí. Ó jókòó sórí pèpéle, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, ó gbé àpò sórí ẹsẹ̀. Òjìji òrùlé wà níwájú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn. Ó fi orúnkún rẹ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn, ó tún fi itan sílẹ̀. Pákó ilẹ̀kùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń gbọ́ ẹnì kan tó ń mí lódì kejì, nítòsí gan-an.

Ó pẹ́.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Mà."

"Oòrùn á pa ọ́ síbẹ̀."

"Ó ti ń pa mí, Mà."

Ìbíwùnmí la ojú mọ́ ọ̀nà funfun náà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan fara kan pákó lẹ́yìn rẹ̀, tó ń táràrà wá ìdábùú ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ ìró irin bó ṣe ń fà kúrò lójú ihò rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku nídìí, ó sì gbé àpò rẹ̀.